Ọ̀nà Wo, Tíṣà?

Ẹni tí ó bá rí i ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, bí ó ṣe di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà tí ó ń gun àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á rò pé orúnkún ló ń dùn ún. Orúnkún rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà á. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ìyá ọmọ mẹ́ta, ìyá àgbà ọmọ méjì, tí ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní àròpọ̀, àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀, nọ́ńbà kékeré kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ ló ń lé e kiri.

Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é. Kò sí ohun tí ọmọ kà fún un tí kò ní sọ pé ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bí ọmọ bá gbà á, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ṣì í, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Àwọn tí ó kọ́ ní kékeré ti di òbí báyìí, wọ́n sì tún máa ń fi pè é lẹ́nu géètì bí wọ́n bá wá mú ọmọ tiwọn. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i. Kíláàsì kejì ni ó ti ń jayé orí rẹ̀, kò sì ní i lọ́kàn pé òun yóò kúrò níbẹ̀ láéláé.

Ìgbà tí olùkọ́ kíláàsì kẹfà lọ bímọ ni wàhálà dé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pè é sí ọ́fíìsì, ó fún un ní àga, ó tún fún un ní omi tútù. Ó yẹ kí ó ti fura láti ibi omi tútù yẹn, nítorí Ọ̀gá kì í fún ènìyàn ní nǹkan lásán.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di kíláàsì kẹfà mú títí ọdún á fi parí.”

“Kíláàsì kẹfà kẹ̀? Ọ̀gá, èmi?”

“Ẹ̀yin náà ni. Ta ni mo tún fẹ́ pè? Ìṣirò ò ṣáà ní orúkọ méjì.”

Irọ́ ni Ọ̀gá pa. Ìṣirò ní orúkọ méjì, ó tilẹ̀ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá gbé ìwé kíláàsì kẹfà lọ sílé, ó ń ṣí i lójúewé lójúewé, gbogbo rẹ̀ ń yé e, ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀, àfi bí ó ṣe dé orí keje. “Agbára Nọ́ńbà” ni wọ́n kọ sókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni 2³ wà, nọ́ńbà kékeré náà gun ńlá léjìká bí ọmọ tí kò fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Ó pa ìwé náà dé.

Òun àti nọ́ńbà náà ti mọra tipẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí tíṣà wọn, ọkùnrin gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò létí ọmọ, pè é síwájú pátákó pé kí ó wá dáhùn rẹ̀. Ó kọ mẹ́fà. Tíṣà kò nà án. Ì bá nà án, ì bá sàn. Ńṣe ni ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un, ó wá fi dọ́sítà nu mẹ́fà náà tí ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì fi bọ́ sí ọmọ náà lójú. “Mẹ́fà, lọ jókòó.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Mẹ́fà. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi jáde ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, ẹnìkan tí wọ́n jọ kàwé jókòó sẹ́yìn, ó pariwo, “Mẹ́fà wa ti rílé ọkọ o!” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ojú lásán ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sí ìwé nìkan, ì bá fo orí keje kọjá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti ń gbèrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé yìí, lẹ́yìn tí ó gun àtẹ̀gùn tán, Ọ̀gá ka lẹ́tà kan fún un lórí ìdúró. Alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ kíláàsì kẹfà ní orí keje gan-an. Olùkọ́ tí kò bá kájú òṣùwọ̀n, wọn yóò mú un kúrò níwájú pátákó, yóò máa lọ ṣọ́ yàrá ìkówèésí.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni yàrá náà wà. Fèrèsé kan péré ló ní, àwọn bẹ́ǹṣì tó fọ́ ni wọ́n sì tò dí i. Láti ọdún tó kọjá ni olùkọ́ kan tí alábẹ̀wò mú kúrò níwájú pátákó ti wà níbẹ̀, tí ó ń lẹ ìwé tó ya. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó máa ń kí ènìyàn. Nígbà tó yá, ó ń mi orí. Nísinsìnyí, bí o kí i, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa wò. Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i máa ń yára ẹsẹ̀ bí ó bá ń kọjá níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló kù kí ó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun sábẹ́ àtẹ̀gùn fún ọdún mẹ́ta náà.

“Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú jàre,” ni Ọ̀gá wí, bí ó ṣe ń ká lẹ́tà náà. “Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kẹ́ ẹ máa pè.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọmọ tí ó mọ ìṣirò jù ní kíláàsì náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ ọ nílé, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń wà lókè kí ìbéèrè tó jáde lẹ́nu tíṣà. Ìyá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe. Kí ló tún fẹ́ sọ?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbìyànjú. Ó sọ ọ́ bí ìwé ṣe sọ ọ́, pé nọ́ńbà kékeré ló ń sọ iye ìgbà tí a ó lo ńlá. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ọmọ sì gbọ́ ọ bí ó ṣe ń gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n ṣe 2³ sínú ìwé wọn. Ó kó ìwé náà lọ sílé, ó sì jókòó sídìí tábìlì ìjẹun láti mákí i. Nínú ọmọ méjìdínlógójì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọ mẹ́fà. Ó ń ṣí ìwé, ó ń rí orúkọ àtijọ́ rẹ̀. Ó ṣí òmíràn, ó tún rí i.

Ọkọ rẹ̀ wà lódìkejì tábìlì. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni bàbá náà ti lo ayé rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tán nítorí ariwo. Ó ń tú àpò oògùn orúnkún rẹ̀.

“Bàbá wọn, ẹ wo nǹkan yìí,” ó pariwo, ó sì na ìwé kan sí i. “Mélòó ni?”

“Mẹ́fà.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Ṣé kí n má mọ̀ ni? Méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wò ó.” Ó gbé àpò oògùn náà sókè, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà. “Méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Bí kò bá jẹ́ mẹ́fà, a jẹ́ pé olóògùn yẹn fẹ́ pa mí nìyẹn.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rántí. Ọdún tí ó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn. Òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi oògùn sí: méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó máa ń kà á sí àtẹ́lẹwọ́ láàárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, bí ó sì kà á tán, mẹ́fà ni. Ẹ̀rù pé kí òun má ṣì í kà ló ń bà á lọ́dún náà. Kò ṣì í kà lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí ó ń ka oògùn ìyá rẹ̀ láìṣìṣe ni wọ́n da ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì sí lójú.

Ó ti wá mọ ibi tí mẹ́fà ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí yóò ṣe yọ ọ́ kúrò lórí ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́rú, ó fi ìbẹ̀rù ṣe ohun tí olùkọ́ tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe. Ó ní kí wọ́n máa pariwo rẹ̀.

“Méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì!”

“Mẹ́jọ!”

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i!”

“Mẹ́jọ!”

Wọ́n pariwo tí gíláàsì fèrèsé fi ń dún. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó kọ 3² sí pátákó, ó nawọ́ sí i.

“Mẹ́jọ!” ni kíláàsì dáhùn, pẹ̀lú ayọ̀.

Ó kọ 5².

“Mẹ́jọ!”

Ó wá àga, ó jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló ká ọwọ́ mọ́ àyà níwájú, tí ó ń mi orí bí ẹni tó ń káàánú ayé. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ parí, tí Ìyá ń sọ̀kalẹ̀, kò fẹ́ wo yàrá ìkówèésí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àga kejì ti wà níbẹ̀. Àná, ẹyọ kan ni. Wọ́n ti nu àga náà mọ́ tónítóní, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olùkọ́ àtijọ́ yẹn. Jìnnìjìnnì bò ó. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tí wọ́n gbé e dè, ó kàn sáré jáde lẹ́nu géètì bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọjọ́bọ̀ pé. Bàtà alábẹ̀wò ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ lórí àtẹ̀gùn, kò, kò, kò, láìyára, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́. Ọkùnrin tínínrín kan ni, kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó wọ awò ojú. Ó kí Ìyá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé lẹ́yìn kíláàsì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìyá kọ 2³. Ṣọ́ọ̀kì kán sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi èyí tó kù parí rẹ̀. Nígbà tí ó yíjú padà, ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà lókè tipẹ́. Ó la ẹnu láti pè é.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ni alábẹ̀wò wí láti ẹ̀yìn. “Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn ńkọ́?”

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n jọ jókòó nìkan ló máa ń gbọ́ ọ. Ó dìde. Ó ń bọ̀ láàárín bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń rìn lórí omi tó tutù. Ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó wo 2³ títí, ó sì kọ mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo òrùlé. Dọ́sítà wà lọ́wọ́ Ìyá, kò mọ ìgbà tí ó mú un. Kí ó nu ún ló kù, kí ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ á sì tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó rò ó, mi ò ní parọ́ fún yín, ó rò ó dáadáa. Ìgbà náà ni ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú bàtà. Ó ti di ojú pinpin, bí ẹni tó ń retí ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì.

Ìyá gbé dọ́sítà sílẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i,” ó wí fún un, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Kà á bá a ṣe kà á lánàá.”

“Méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì.”

“O ṣeun. Kí ló wá dé tí kò yé ẹ?”

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé, ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

“Ọ̀nà wo, Tíṣà?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ojú. Ìyá náà fẹ́ bínú, ó ti ń yanu, àfi bí ẹnu rẹ̀ ṣe dúró bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó ti ń sọ lọ́nà, lọ́nà, lọ́nà, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Kò gbọ́ ọ̀nà nínú rẹ̀ rí. Ọmọ yìí gbọ́ ọ, ó sì ti ń wá ọ̀nà náà láti àná.

“Ẹ dákẹ́,” ó wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́. Ó fún Jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀kì tó gùn. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, torí kò mọ ibi tí òun ń lọ. “Ọ̀nà yìí ni. Ká sọ pé o jáde nílé, o sì bá ọ̀nà méjì níwájú rẹ. Yà á.”

Jẹ́jẹ́ ya ìlà méjì, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì.

“Méjì nìyẹn. Gba èyí tó wù ẹ́. Bó o bá ṣe dé òpin rẹ̀, ọ̀nà méjì mìíràn tún là níbẹ̀.”

“Àti ìkejì náà, Tíṣà?”

“Ìkejì náà. Gbogbo wọn ló ń là.”

Ó yà á. Òpin ọ̀nà di mẹ́rin. Ìyá rí i pé nǹkan náà ń dúró, kò wó. “Méjì lọ́nà méjì nìyẹn,” ó wí. Ó nawọ́ sí nọ́ńbà kékeré orí èjìká. “Ẹni yìí ló ń sọ iye ìgbà tí ọ̀nà là. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ní?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.”

“Ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti là á?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i.”

Ọmọ náà là á. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti dìde dúró kí wọ́n lè rí i. Jẹ́jẹ́ fi ìka kan òpin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á: “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà.” Ó dúró. Ó wo mẹ́fà tí ó kọ ní ẹ̀gbẹ́. Ó yíjú wo Ìyá.

Ó ń ṣe Ìyá bíi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá méjì ló wà níwájú pátákó yẹn. Ó mi orí sí i, pé máa lọ.

“Èje,” ni Jẹ́jẹ́ wí. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ jáde tí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà: “Ẹ̀jọ!”

Wọ́n ṣe 3². Ọ̀nà là sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kà á, ó pé mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó pariwo mẹ́jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá ń ya ọ̀nà sínú ìwé tirẹ̀, ó ti gbàgbé láti nawọ́. Ìyá wá padà sídìí mẹ́fà tó ṣì wà lórí pátákó. Ọ̀gá ń ṣẹ́wọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà pé kí ó pa á rẹ́. Kò pa á rẹ́. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀: méjì àti méjì àti méjì.

“Ẹni tó ń lo oògùn méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, mélòó ló lò?”

“Mẹ́fà!”

“Òótọ́ ni. Mẹ́fà kì í ṣe òmùgọ̀. Ìdáhùn ni òun náà. Ó kàn ṣìnà ni.” Ó gbé ọwọ́ lé Jẹ́jẹ́ léjìká. Láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ó ti ń retí kí ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ yìí fún òun.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, alábẹ̀wò wá sídìí tábìlì rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn.

“Ibì kan wà níbí tí wọ́n ní ká kọ iye ẹni tó ṣì í lójú pátákó sí,” ó wí. “Ọ̀kan ni, àbí?”

Ẹnu ni kí ó fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kọ méjì,” ni Ìyá wí.

“Méjì kẹ̀? Ta ni èkejì?”

“Èmi ni. Mẹ́fà lèmi náà kọ nígbà tí mo tó ọmọ yẹn. Wọ́n nù ún kúrò ni, wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Àárọ̀ yìí ni mo tó rí ọ̀nà yẹn, ọmọ yẹn ló sì bi mí.”

Ọ̀gá wúkọ́. Ìyá mọ ohun tí òun sọ, pé tíṣà kíláàsì kẹfà jẹ́wọ́ fún alábẹ̀wò pé òun kò mọ ohun tí òun ń kọ́ títí di òní. Ó rí àga kejì yẹn níwájú rẹ̀, tónítóní. Ó di etí tábìlì mú.

Alábẹ̀wò yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó wo pátákó pẹ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí Ọ̀gá má baà gbọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ mẹ́ta, Ìyá.”

Ó kọ ọ́. Ẹni tó ti ń mákí ìwé ọmọ láti òdìkejì tábìlì fún ọdún mẹ́rìnlélógún á mọ ìwé kà lódì. Ìyá rí ohun tí ó kọ sísàlẹ̀ ìwé náà, pé ó kájú òṣùwọ̀n, kí ó tó pa á dé. Ara rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀ sórí àga, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Lọ́sàn-án, nígbà tí ó ń lọ sílé, kò yára ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó dúró lẹ́nu yàrá ìkówèésí.

“Ẹ káàsán, Tíṣà.”

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ìyá ti fẹ́ máa lọ, ó sì padà. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga kejì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i,” ó wí. “Tíṣà, ẹ káàsán o.”

Ó tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò ti pe ọkùnrin náà ní Tíṣà. Ó fi ìwé sílẹ̀.

“Ẹ káàsán, Ìyá.”